Ẹni Tó Ń Dijú Rìn Létí Òkun

Obìnrin náà ń rìn létí òkun, ó fi bàtà há abíyá, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì dijú. Omi wá, ó bò ó lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, omi padà, kò lajú. Ó ń rìn lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sílé ara rẹ̀.

Nehemiah Adéyẹmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ọdún karùn-ún rèé tó ti ń kó èèyàn rìn létí òkun yìí. Ó ti rí ẹni tó ń sunkún, ó ti rí ẹni tó ń gbàdúrà, ó tilẹ̀ ti rí lọ́yà kan tó jókòó sórí iyanrìn tó ní òun ò lọ mọ́ àfi kí wọ́n bá òun wá ọ̀kadà. Ẹni tó ń sùn rìn ni kò tíì rí.

"Àǹtí! Ẹ la ojú yín o! Òkun ò mọ ọmọ ẹnì kankan!"

Obìnrin náà la ojú kan. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa tẹ̀lé ohùn omi."

"Mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀lé e, mi ò ní kẹ́ ẹ fọ́jú tẹ̀lé e."

Nǹkan kan sún lójú obìnrin náà, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. "Mò ń kọ́ ọ ni," ló wí. Nehemiah náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn ò ní gbọ́.

Ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń pa o. Àwọn èèyàn wà láyé òní tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á. Ní Ìwó níbí, bí o bá sọ fún àgbà pé o wọ ọkọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láti lọ fẹsẹ̀ rìn, á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ẹ níwájú orí wò bóyá ara ẹ gbóná. Àmọ́ iṣẹ́ tí Nehemiah ń ṣe nìyẹn nígbà ìsinmi Àjíǹde àti ti Kérésì. Bí ìsinmi bá parí, sọfiyọ̀ ni, tó ń wọn ilẹ̀ kiri Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó.

Ọ̀nà Bàdágìrì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ la àwọn ìletò tí àwọn ará Èkó máa ń rọ́ dé kọjá, níbi tí ẹ̀rọ orin ti ń pariwo mọ́ra wọn, tí wọ́n ti ń fi ẹṣin yá èèyàn gùn, tí ọ̀rá omi sì kún ilẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ariwo á tán. Ohun tó kù ò ju òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, àgbọn láàárín, àti àwọn apẹja Ègùn tó ń fa àwọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn ín. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n jọ ń rìn lọ́dún yẹn.

"Ibo ni ilé yín, Àǹtí tó ń dijú?"

"Ìwó."

"Ẹ gbà mí! Ìwó wo?"

"Ìwó mélòó lẹ mọ̀?"

"Ọmọ Ìwó lèmi náà! Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi nilé wa. Ọmọ Nọ́ọ̀sì Lydia ni mí."

Obìnrin náà wá la ojú méjèèjì tán, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní Rìnsọ́lá lorúkọ òun, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní báólójì nílé ẹ̀kọ́ girama kan, ilé wọn ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ti Nehemiah. "A wá dé etí òkun ká tó mọra," ló wí. "Ó mà ṣe o, ọmọ ilé odídẹrẹ́."

Láti ìgbà yẹn, wọn ò pínyà. Bí Nehemiah bá bọ́ sápá òsì rẹ̀, Rìnsọ́lá á yí po, á tún fi í sápá ọ̀tún. Ó ṣe é lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe é lọ́jọ́ kejì. Nehemiah ní, "Kí ni apá ọ̀tún mi ṣe ẹ́?" Rìnsọ́lá ní apá òsì rẹ̀ ló dáa lójú. Inú ọmọkùnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé láti ka àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ojú òsì ọmọbìnrin náà ti ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́, ohun tó bá wà lápá ibẹ̀ kò rí i mọ́.

Oṣù Èrèlé ni dókítà ní Ìbàdàn sọ ọ́ fún un. Gílákómà ni, àrùn tó fọ́ ìyá rẹ̀ lójú gan-an. Oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Rìnsọ́lá jáde níbẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ Ìwó, ó sì ń wo gbogbo nǹkan bí ẹni tó ń kó ẹrù: ojú ọ̀nà, igi, ojú ẹni tó jókòó tì í. Ó wá rántí pé òun ò rí òkun rí. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ojú òun kú láìrí i. Ìdí tó fi lọ nìyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Nehemiah pàápàá.

Wọ́n padà sí Ìwó, ìfẹ́ bá wọn padà. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà Kuta, àwọn ọlọ́kadà á máa dúró bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń lọ. "A ń rìn ni," ni Nehemiah máa ń wí, àwọn yẹn á sì mi orí lọ.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "àwọn ará ilé mi fẹ́ wá mọ ilé yín."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí iṣu. Wọ́n ní ẹ ní iṣu tó dáa."

Rìnsọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu rín ẹ̀rín. Ẹ̀yìn ìgbà tó délé ni ẹ̀rù bà á.

Àgbékẹ́ lorúkọ ìyá Rìnsọ́lá. Ọdún kọkànlá rèé tí kò ríran mọ́. Inú iyàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó tó ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ẹni tó lójú lọ. Baba Rìnsọ́lá ti kú, Ọláníyọnu àbúrò baba rẹ̀ ló kù tó ń ṣe olórí ilé. Bàbá kékeré ni wọ́n ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó bẹ̀rù ẹnu ayé ju bó ṣe yẹ kí ọkùnrin bẹ̀rù lọ.

"Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí," Bàbá kékeré wí. "Wọ́n á béèrè ẹni tó ya wèrè nínú ilé, wọ́n á béèrè ẹni tó ní wárápá. Bí wọ́n bá wá débí tí wọ́n bá afọ́jú níjòókòó, ta ni kò ní mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kan ọmọ? Àǹtí Àgbékẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ wọ iyàrá lọ́jọ́ yẹn. A ó ní ẹ lọ tọ́mọ ní Kuta."

Rìnsọ́lá lanu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó pa á dé. Ìdákẹ́ yẹn lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, òun náà sì mọ̀ ọ́n.

Àgbékẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Kò burú," ló wí. "Ẹ tì mí mọ́lé. Mi ò tiẹ̀ ní wúkọ́."

Ọ̀sán Sátidé ni àwọn àlejò dé, àwọn mẹ́rin: Nehemiah, ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ méjì. Ọgbọ̀n ọdún ni Nọ́ọ̀sì Lydia fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ó jẹ́ obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣàwàdà iṣu. Wọ́n ní kí Rìnsọ́lá gbé omi wá.

Ó kúnlẹ̀ gbé omi wá. Nọ́ọ̀sì Lydia na ọwọ́ láti apá òsì kó gba ife. Rìnsọ́lá kò rí ọwọ́ náà. Ó gbé ife sórí afẹ́fẹ́ níbi tó rò pé tábìlì wà, omi sì dà sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà, ẹ jọ̀ọ́ mà!"

Nọ́ọ̀sì Lydia kò wo omi. Ojú Rìnsọ́lá ló ń wò. Ó gbé ìka kan sókè, ó rọra mú un lọ sápá òsì ọmọbìnrin náà. Ojú náà ò tẹ̀lé e.

"Ta ló fọ́jú nínú ilé yìí?" ló béèrè.

"Kò sẹ́ni tó fọ́jú nílé wa," Bàbá kékeré wí. "Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

"Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà ní Kuta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bímọ, ó lọ tọ́mọ."

Nọ́ọ̀sì Lydia yíjú sí Rìnsọ́lá, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, ìwọ gan-an ni mò ń bi. Ṣé Kuta ni ìyá ẹ wà?"

Nehemiah ń wò ó. Gbogbo wọn ń wò ó. Rìnsọ́lá ronú pé bí òun bá ní rárá, ọkùnrin yìí á lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Ilẹ̀kùn iyàrá ẹ̀yìn dún. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi parọ́ mọ́," ohùn kan wí láti ibẹ̀. "Èmi rèé."

Àgbékẹ́ ń tọ ògiri bọ̀, èèpo ẹ̀gúsí wà lára ìró rẹ̀. Ó dé àárín yàrá, ó dúró, ó tún gèlè rẹ̀ tó ti wọ́ wé, ó sì kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò. "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Èmi ni mo bí i, ẹ má bínú sí i." Àga tó ṣófo ló kọjú sí. Ó ń kí àga, ó ń bẹ àga, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì Lydia ló dìde tó gbé e nílẹ̀. "Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Lẹ́yìn náà ó mú báàgì rẹ̀. Àwọn àlejò jáde, wọn ò mu omi. Nehemiah ló jáde kẹ́yìn, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rìnsọ́lá lọ dúró lójú ọ̀nà Kuta láti ìdájí. Ó ti ń rò pé kò ní wá nígbà tó rí i.

"Ìyá mi ò fọwọ́ sí i," Nehemiah wí. Kò kí i. "Ó ní òun ti rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò lè rí i lára ọmọ ọmọ òun."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kì í ṣe ojú ẹ ló dùn mí, Rìnsọ́lá. Mo bi ẹ́ létí òkun, o rẹ́rìn-ín fún mi. O ń yí mi po láti apá òsì sí ọ̀tún, èmi òmùgọ̀ ń yọ̀. Ìyẹn náà, màá gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ìyá tó bí ẹ! O sẹ́ ẹ lójú mi, ó sì ń gbọ́."

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá lọ."

"Wò ó, mo ti lọ."

Ó sì lọ lóòótọ́. Rìnsọ́lá ń wò ó títí tó fi bọ́ sápá ibi tí ojú rẹ̀ ò ká mọ́. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Òjò rọ̀, òjò dá. Ọmọ kan nawọ́ ní kíláàsì lápá òsì, ó nawọ́ títí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé tíṣà ti ń gbéra ga. Rìnsọ́lá kọsẹ̀ lára àtẹ̀gùn tó ti ń gùn fún ọdún mẹ́fà. Bàbá kékeré ní kí wọ́n wá ọkùnrin míì láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Rìnsọ́lá ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́ mọ́. Ìgbà míì, á jókòó sórí ibùsùn, á fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, á máa wo òkùnkùn tó ń bọ̀, á sì sunkún. Kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ bá sọ ọ́ ò gbé fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wọ iyàrá ìyá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbi ẹ̀gúsí.

"Màámi, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn," Àgbékẹ́ wí. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. "Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi ni mo kọ́ ẹ. Ọdún kọkànlá ni mo ti ń sá fún àlejò. Ibo lo fẹ́ ti kọ́ ìgboyà?" Ó wá dáwọ́ bíbó dúró. "Kí lo tiẹ̀ rí létí òkun yẹn tí ìwà ẹ fi yí padà bẹ́ẹ̀?"

Rìnsọ́lá fẹ́ sọ ọ́. Ẹkún ò jẹ́.

"Ó dáa," ìyá rẹ̀ wí. "Mú mi lọ kí èmi náà gbọ́ ọ."

Ìparí oṣù Bélú ni Nehemiah dé. Kò ya ọ̀dọ̀ Bàbá kékeré. Ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó kan ilẹ̀kùn iyàrá Àgbékẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo ẹ̀gúsí. Rìnsọ́lá wà níbẹ̀ tó ń gbọn ẹní, ó sì fara ti ògiri.

"Màámi, Nehemiah ni. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú yín. Wọn ò jẹ́ kí n kí yín níjọ́sí, mo sì jáde láìkí yín. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù. Mo wá tọrọ ọmọ yín lọ́wọ́ yín."

Àgbékẹ́ na ọwọ́ títí ó fi kan orí rẹ̀. "Ẹnu ìyá ẹ dà?" ló béèrè.

"Wọn ò tíì gbà, mà."

"Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ tó ń dún yẹn ńkọ́?"

Fúláàsì kékeré ni, bí èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbé oúnjẹ lọ síléèwé. Nehemiah ṣí i. Yìnyín ló wà nínú rẹ̀, ìgò oògùn ojú kan sì wà láàárín yìnyín.

"Ìyá mi ló fi rán mi," ló wí. "Wọ́n ní kí ooru má kàn án kó tó di ṣíṣí. Ẹ̀kán kan péré lálaalẹ́, kó sì fi ìka tẹ igun ojú níbi imú, kó ka ọgọ́ta. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe pé àwọn ti gbà o. Oògùn lásán ni." Ó dé fúláàsì náà padà. "Wọn ò sùn dáadáa láti ìjọ́ yẹn, mà. Wọ́n á ṣáà jókòó, wọ́n á ní, 'Àga ni obìnrin yẹn kúnlẹ̀ fún.'"

Àgbékẹ́ gba fúláàsì náà, ó gbé e mọ́ àyà. "Mi ò lè fún ẹ lọ́mọ láìgbọ́ ẹnu ìyá ẹ. Ilé tí ìyá ọkọ ti ń sunkún, ìyàwó ò ní rímú mí níbẹ̀. Àmọ́ sọ fún un pé mo kí i. Sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni mo kọjú sí báyìí."

Nehemiah wo Rìnsọ́lá. "Ìwọ náà, ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," Rìnsọ́lá dáhùn. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Mo ti parọ́ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní jí ẹ gbé lọ́wọ́ ìyá ẹ."

Lẹ́yìn Kérésì, wọ́n tún lọ. Àwọn mẹ́fà ni lọ́tẹ̀ yìí, Àgbékẹ́ sì wà láàárín wọn, ó di ọmọ rẹ̀ mú lápá kan, ó di Nehemiah mú lápá kejì. Wọ́n la ìletò aláriwo kọjá, ariwo tán. Ìgbà tí omi kọ́kọ́ bò ó lẹ́sẹ̀, Àgbékẹ́ pariwo, "Yéè! Ó ń fà mí!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Rìnsọ́lá ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n fi í jókòó sábẹ́ àgbọn, àwọn méjèèjì sì rìn síwájú díẹ̀.

Òkun funfun létí, ó dúdú lọ́hùn-ún. Nehemiah ṣẹ́jú. "Ṣé o rí ọkọ̀ tó wà lọ́hùn-ún yẹn? Ó pupa, ó ní..."

"Má sọ ọ́ fún mi," Rìnsọ́lá wí. "Mo ṣì ń rí i. Màámi ni kó o lọ sọ ọ́ fún."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Lọ́dún tí mo bá bi ẹ́, kó o sọ ọ́."

Ó yé e. "Èmi ni màá wà níbẹ̀ tí màá dá ẹ lóhùn," ló wí. "Bí ìyá mi gbà lọ́la, bí wọn ò gbà títí di ọdún mẹ́wàá. Mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì."

"Ojú yìí lè má dúró dè é."

"Èmi á dúró."

Rìnsọ́lá wo òkun, ó wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni Nehemiah wà, níbi tó máa ń fi í sí. Rìnsọ́lá yí po níwájú rẹ̀, ó dúró sápá kejì, tó fi jẹ́ pé ọkùnrin náà bọ́ sápá òsì rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí i mọ́. Ó na ọwọ́ síbẹ̀ láìwò. Nehemiah gbá a mú, wọ́n sì rìn lọ.